Àwọn àjèjì wo ló bá Yúróòpù kọ́ ọ̀làjú rẹ̀, ọ̀nà wo ni wọ́n sì gbà?

Olùkọ́ Ìtàn (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará àpéjọ, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kan kọ sábẹ́ ìròyìn nípa àwọn àtìpó ló gbé mi dé ibí. Onítọ̀hún ní ọwọ́ àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù nìkan ni Yúróòpù ti jogún ọ̀làjú rẹ̀, pé àwọn àjèjì kàn ń wá jẹ nínú ọbẹ̀ tí wọn kò bá wọn sè ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fi èébú dá a lóhùn, ṣùgbọ́n èébú kì í ṣe ìdáhùn. Ohun tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nìyí: nínú àwọn ohun tó sọ Yúróòpù di ohun tó dà, èwo ni a lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn tó ṣí wá láti ibòmíràn, tàbí àwọn ará Yúróòpù tó lọ gbé láàárín àjèjì, ló gbé e wọlé, tí a sì lè sọ bí wọ́n ṣe gbé e?

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlú Toledo ní Sípéènì bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 711, Tariq ibn Ziyad kó ọmọ ogun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Àríwá Áfíríkà sọdá òkun, kò sì pẹ́ tí àwọn Mùsùlùmí fi ń jọba lórí èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà. Nígbà tí Ọba Alfonso Kẹfà gba Toledo ní 1085, ìlú tí Mùsùlùmí, Júù àti Kìrìsìtẹ́nì tó ń sọ èdè Lárúbáwá ti jọ ń gbé ló bọ́ sí i lọ́wọ́, tìwé-tìwé. Kí ló ti ibẹ̀ jáde?

Ọmọ Alákọ̀wé

Ibi tó yẹ gan-an lẹ ti mú un, Olùkọ́. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Gerard, ará Cremona ní Ítálì, tó ń wá ìwé kan ṣoṣo, ìyẹn Almagest, èyí tí Ptolemy, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì àtijọ́, kọ nípa ìrìn àwọn ìràwọ̀. Kò rí i ní èdè Látìnì, ó gbọ́ pé ó wà ní Toledo ní èdè Lárúbáwá, ó sì gbéra lọ síbẹ̀. Ìgbà tó débẹ̀ tó rí bí ìwé ṣe pọ̀ tó lórí onírúurú ẹ̀kọ́, àánú àwọn tó ń ka Látìnì ṣe é, ó kọ́ èdè náà, iṣẹ́ ìtumọ̀ ló sì ń ṣe títí ó fi kú ní 1187. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ to orúkọ ìwé tó túmọ̀ sílẹ̀, ó lé ní 70. Ìwé ìṣègùn ńlá tí Ibn Sina, oníṣègùn Mùsùlùmí, kọ wà níbẹ̀, ìwé aljébírà ti al-Khwarizmi, onímọ̀ ìṣirò ará Baghdad, wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé iṣẹ́ abẹ tí al-Zahrawi, ará agbègbè Córdoba ní Sípéènì, ya àwòrán ọ̀bẹ, ìkọ́ àti ẹ̀mú àwọn oníṣẹ́ abẹ sí.

Bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà ló yẹ kí á wò dáadáa. Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Daniel ti Morley, tí ẹ̀kọ́ ìlú Paris ti sú, tó sì gba Toledo lọ, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ghalib, Kìrìsìtẹ́nì tó ń sọ Lárúbáwá, ló ń túmọ̀ Almagest fún Gerard. Bẹ́ẹ̀ ni Júù kan tí wọ́n ń pè ní Avendauth àti àlùfáà Gundissalinus ṣe jókòó ti ìwé tí Ibn Sina kọ nípa ọkàn: Júù náà ń wo Lárúbáwá, ó ń sọ ọ́ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní èdè tí wọ́n fi ń nájà ní ìgboro, àlùfáà ń gbọ́, ó ń sọ ọ́ di Látìnì. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí orúkọ atúmọ̀ kan lórí ìwé Látìnì ayé ìgbà náà, ẹ máa fura pé ẹlòmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọn kò dárúkọ.

Ará Berlin

Ẹ má bínú, n ó ta kò yín díẹ̀. Èmi kò sí lẹ́yìn ẹni tó sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ìtàn yìí ní apá tí a kì í fẹ́ sọ. James ti Venice ti ń túmọ̀ ìwé Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n Gíríìkì àtijọ́, tààrà láti èdè Gíríìkì ní ọ̀rúndún kejìlá kan náà. William ti Moerbeke, ará Flanders, tún ṣe iṣẹ́ náà ní ọ̀rúndún kẹtàlá, kò sì gba Lárúbáwá kọjá rárá. Gerard fúnra rẹ̀, ṣé àjèjì ni? Ará Ítálì ni, òùngbẹ ìmọ̀ ló gbé e kúrò nílé. Àwọn yunifásítì tó gba ìwé wọ̀nyí wọlé, Bologna, Paris, Oxford, àwọn ará ibẹ̀ ló dá wọn sílẹ̀. Tí a bá wá ń pín gbogbo ògo náà fún àlejò, àṣìṣe onílé tó ń fọ́nnu náà la tún ń ṣe, a kàn yí i padà ni.

Ọmọ Alákọ̀wé

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà kan kò wọ ọjà, mo gbà. Ṣùgbọ́n Aristotle nìkan ni Moerbeke lè rí ní èdè Gíríìkì, òun àti àwọn Gíríìkì ẹgbẹ́ rẹ̀. Aljébírà al-Khwarizmi kò sí ní èdè Gíríìkì. Ìwé tí Ibn al-Haytham kọ nípa ìmọ́lẹ̀ àti bí ojú ṣe ń ríran, èyí tí Roger Bacon, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbára lé gidigidi, kò sí níbẹ̀. Aristotle náà sì le bí ojú ẹja: Ibn Rushd, ọmọ Córdoba tí wọ́n bí ní 1126, ló ṣe àlàyé rẹ̀ débi pé, tí Thomas Aquinas, ọ̀mọ̀wé ìjọ Kátólíìkì, bá kọ "Alálàyé" láìdárúkọ, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ní Paris tí kò mọ ẹni tó ń bá wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Aquinas tún ń bá a jiyàn lórí kókó pàtàkì. Ẹni tí ènìyàn ń bá jiyàn bẹ́ẹ̀ ti wọ inú ilé.

Aṣírò-Owó (Èkó)

Ẹ jẹ́ kí èmi mú wa kúrò nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé wá sínú ìwé ìṣirò owó. Ẹ mú bébà, kí ẹ fi òǹkà àwọn ará Róòmù sọ XLVIII di ìlọ́po XXVII. Ẹ kò ní rí ibi mú un. Ohun tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù ń ṣe ni pé wọn a máa to òkúta wẹ́wẹ́ sórí pátákó ìṣirò, wọn a sún un síwá sẹ́yìn, wọn a wá kọ MCCXCVI sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti kó òkúta kúrò báyìí, ẹnikẹ́ni kò lè yẹ iṣẹ́ náà wò mọ́. Àmọ́ tí ẹ bá kọ 48 lórí 27, gbogbo ìgbésẹ̀ ló wà lójú bébà títí dé 1296, ọ̀gá yín sì lè tọpa ibi tí ẹ ti ṣì í.

Òǹkà yìí wá láti Íńdíà, ó gba Baghdad kọjá, ọmọdé kan láti Pisa sì wà lára àwọn tó gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò. Leonardo, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Fibonacci, ní bàbá tó ń ṣojú àwọn oníṣòwò Pisa ní ibodè Béjaïa, ní etíkun Algeria òde òní. Ibẹ̀ ni bàbá náà ti pe ọmọ rẹ̀ wá, tí ó sì fi í sẹ́nu ẹ̀kọ́ ìṣirò. Ní 1202, Leonardo kọ ìwé tó fi kọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi àmì mẹ́sàn-án àti òdo ṣèṣirò èrè, pàṣípààrọ̀ owó àti pípín ọjà láàárín alájọṣepọ̀. Àpẹẹrẹ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ata, awọ àti owó ìlú oríṣiríṣi ni.

Ará Berlin

Ṣé wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀?

Aṣírò-Owó (Èkó)

Rárá o. Ní 1299, ẹgbẹ́ àwọn onípàṣípààrọ̀ owó ní Florence ṣòfin pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ fi òǹkà tuntun náà kọ iye owó sínú ìwé ìṣirò rẹ̀, kí wọ́n máa fi lẹ́tà kọ ọ́. Ìdí tí wọ́n sábà máa ń fà yọ ni pé ó rọrùn fún oníjìbìtì láti sọ òdo di mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án. Ẹ kò lè bá wọn wí, nítorí títí di òní, a ṣì ń kọ iye owó ní ọ̀rọ̀ sórí ìwé sọ̀wédowó. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dá a dúró, torí pé àwọn oníṣòwò tí ẹ̀ka ilé iṣẹ́ wọn ti pọ̀ káàkiri ìlú kò lè máa gbé pátákó òkúta kiri, bébà sì ti ń di ohun tí owó ń ká.

Ìyá Olóko

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè wá, mo rí i pé ìwé, ìwé, ìwé ni. Ẹ jẹ́ kí á bọ́ sóko wàyí, nítorí iṣẹ́ omi oko ni mo kọ́, ìlú Valencia ni mo sì ti kọ́ apá kan nínú rẹ̀.

Àwọn ará Róòmù ti gbẹ́ ojú omi sílẹ̀ ní Sípéènì kí Mùsùlùmí tó dé, kí ẹnikẹ́ni má gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Ohun tí àwọn Lárúbáwá àti Bẹ́ríbẹ́rì mú wá ni ọgbọ́n bí ènìyàn púpọ̀ ṣe lè pín omi díẹ̀ láìsí ìjà, pẹ̀lú irúgbìn tí kò lè yè láìsí omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: ìrèké, ìrẹsì, ọsàn kíkan, òwú. Ilẹ̀ tó jẹ́ pé àlìkámà ìgbà òtútù nìkan ló ń so níbẹ̀ wá ń so lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Nígbà tí Ọba Jaume Kìíní gba Valencia ní 1238, ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa pín omi bí wọ́n ṣe ń pín in láyé àwọn Mùsùlùmí. Ẹni tó ṣẹ́gun nìyẹn, tó sì mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

Ní gbogbo ọjọ́bọ̀, nígbà tí aago méjìlá ọ̀sán bá lù, àwọn àgbẹ̀ mẹ́jọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ojú omi kọ̀ọ̀kan, a jókòó ní àyíká lẹ́nu ọ̀nà Àwọn Àpọ́sítélì ní kàtídírà ìlú náà. Wọn a pe orúkọ ojú omi, wọn a bi í bóyá ẹnikẹ́ni ní ẹjọ́. Bí ẹnì kan bá ṣí omi nígbà tí kò kàn án, tàbí tó jẹ́ kí omi rẹ̀ ya wọ oko aládùúgbò, olùfisùn a rò, olùjẹ́jọ́ a rò, kò sí lọ́yà, kò sí ìwé, wọn a dá ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ibi tí a ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí. Ọ̀pọ̀ ọjọ́bọ̀ ni kì í sí ẹjọ́ kankan, wọn a tú ká kí àwọn arìnrìn-àjò tó gbé kámẹ́rà dúró tó mọ̀ pé ó ti parí. Àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ ara ogún àṣà àgbáyé ní 2009.

Nígbà tí wọ́n lé àwọn tí ìran wọn jẹ́ Mùsùlùmí kúrò ní Sípéènì láàárín 1609 sí 1614, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni wọ́n kó sọdá òkun. Ìjọba Valencia pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta ènìyàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n ti fi agbára sọ wọ́n látọjọ́ pípẹ́. Oko ìrèké wà, ojú omi wà, àwọn tó mọ ìgbà tí omi yẹ kó wọ oko ni kò sí mọ́. Àwọn onílẹ̀ ńlá tó ń gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn jẹ gbèsè débi pé wọ́n ń bẹ ọba fún ìrànwọ́.

Ará Berlin

Ìyá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ omi yìí wọ̀ mí lára ju ti Aristotle lọ.

Ọmọ Ìlọrin

Kí á má sọ Sípéènì ayé ìgbà náà di ọ̀run o. Ní 1066, wọ́n pa ọ̀pọ̀ Júù ní Granada lábẹ́ ìjọba Mùsùlùmí. Nígbà tí àwọn Almohad, ọba Mùsùlùmí láti Àríwá Áfíríkà, gba Córdoba ní 1148, wọ́n ní kí Júù àti Kìrìsìtẹ́nì gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù tàbí kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ìdí nìyẹn tí Maimonides, ọ̀mọ̀wé Júù tí wọ́n bí ní Córdoba, fi di ẹni tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé Íjíbítì, tó sì di oníṣègùn ní ààfin níbẹ̀. Àwọn ìdílé Júù mìíràn sá lọ sí gúúsù Faransé, ìdílé Ibn Tibbon sì wà lára wọn. Iṣẹ́ tí ìdílé yìí jogún láti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ ọmọ ni títú ìwé Lárúbáwá sí èdè Hébérù, láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ti bọ́ sí Látìnì. Ìyà ló lé ìmọ̀ náà sọdá òkè. Èmi tí mo jẹ́ Mùsùlùmí ni mo ń sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́ (Ìlà-Oòrùn London)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ilé kan wà ní Brick Lane tó jẹ́ pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò rí ọ̀rúndún mẹ́ta lára ògiri rẹ̀. Ní 1743 ni àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ará Faransé kọ́ ọ fún ìsìn, ọdún náà sì wà lára aago oòrùn tí wọ́n gbẹ́ sókè ògiri. Ó di ilé ìsìn Mẹ́tọ́díìsì, ó di sínágọ́gù àwọn Júù tó sá wá láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà àti àyíká rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì di mọ́sáláàṣí àwọn ará Bangladesh ní 1976.

Ní 1685 ni Ọba Louis Kẹrìnlá fagi lé òfin tó dáàbò bo àwọn ará Faransé wọ̀nyí. Nǹkan bí 200,000 ló sá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ka sísá náà sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tó dé Spitalfields, àdúgbò Brick Lane yẹn, jẹ́ ahunṣọ sílíìkì, kò sì sí ẹni tó lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn ní ibodè. Tí ẹ bá rìn gba òpópó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, ẹ gbójú sókè: fèrèsé àjà àwọn ilé yẹn fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí pé orí àjà ni òfì wà, ẹni tó ń hun òdòdó sára sílíìkì sì nílò ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ará Berlin, ìlú tí ẹ ń gbé náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún kan náà ni olórí Brandenburg fi ìwé àṣẹ Potsdam pè wọ́n, nǹkan bí 20,000 sì lọ bá a. Nígbà tí yóò fi di 1700, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ní Berlin ló jẹ́ ará Faransé.

Ará Berlin

Òótọ́ ni, ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà ní Gendarmenmarkt títí di òní, mo sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ ti gbàgbé àwọn obìnrin. Àrùn tí àwọn àgbà wa kì í dárúkọ lásán, tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ gbígbóná, pa ènìyàn lọ súà ní Yúróòpù pẹ̀lú. Ó pa arákùnrin Lady Mary Wortley Montagu, ó sì bu òun náà lójú jẹ́ ní 1715. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ di aṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Constantinople (Istanbul òde òní), ó rí i tí àwọn ìyá àgbà ń gbé èépá àrùn náà kiri nínú èèpo ẹ̀pà òyìnbó, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ṣí ara ọmọdé, tí wọ́n sì ń fi díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń sín gbẹ́rẹ́ ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ náà a ṣàìsàn díẹ̀, ara rẹ̀ a yá, àrùn náà kò sì ní lè ṣe é mọ́. Lady Mary jẹ́ kí ìyá àgbà Gíríìkì kan àti dókítà ọ́fíìsì ọkọ rẹ̀ ṣe é fún ọmọkùnrin rẹ̀ ní 1718. Nígbà tí àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní London ní 1721, ó ní kí wọ́n ṣe é fún ọmọbìnrin rẹ̀ lójú àwọn dókítà ìlú. Lọ́dún kan náà, wọ́n dán an wò lára ẹlẹ́wọ̀n mẹ́fà ní Newgate, wọn kò kú, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀. Edward Jenner, tí gbogbo ìwé ń yìn fún abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn náà tó ṣe ní 1796, wọ́n ti ṣe ti àwọn ìyá àgbà wọ̀nyí fún òun náà nígbà tó wà ní kékeré.

Gbẹ́nàgbẹ́nà

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àlejò ló gbé ohun gbogbo wá. Picasso, ayàwòrán ará Sípéènì, wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro ní Paris ní 1907, ohun tó rí níbẹ̀ sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún náà lọ. Ta ló gbé ère àti ìbojú Áfíríkà dé ibẹ̀? Ìjọba amúnisìn ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ àti eyín erin ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Benin ní 1897. Leo Frobenius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa, ó sì sọ pé Atlantis, ilẹ̀ inú àlọ́ àwọn Gíríìkì, ló ti wá, nítorí kò lè gbà pé àwa la ṣe é. Jíjẹ́ kí ojú ẹni là láti ara ohun tí a jí, èmi kò lè pè é ní àlejò ṣíṣe.

Olùtọ́jú Àpéjọ

Ọ̀rọ̀ dídá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé padà ní ojú-ewé tirẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ kí á má gbé e wọ èyí. Ṣùgbọ́n kókó tí Gbẹ́nàgbẹ́nà mú wá tọ́.

Àbẹ̀kẹ́ (Ìlà-Oòrùn London)

Mo gbà pẹ̀lú yín, ẹ̀gbọ́n Gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹrù ogun kì í ṣe ẹ̀bùn. Àwọn mìíràn sì wà tó fẹsẹ̀ ara wọn wá. Fela Sowande wá sí London ní àwọn ọdún 1930, ó ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń lu jáàsì, ó sì gbé orin ilẹ̀ wa wọnú iṣẹ́ ẹgbẹ́ olóhùn-okùn. Yinka Shonibare, tí wọ́n bí sí London tó sì dàgbà ní Èkó, gbé àwòṣe ọkọ̀ ojú omi Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, sínú ìgò ńlá ní Trafalgar Square ní 2010, ó sì fi ankara ṣe ìgbòkun rẹ̀. Aṣọ tí a ń pè ní tiwa yẹn, àwọn Dọ́ọ̀ṣì ló ń fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé bàtíìkì àwọn ará Java kí wọ́n tó rí ọjà rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ará Berlin

Ẹ ti mú mi kúrò níbi tí mo dúró sí, kì í ṣe pátápátá. N ó gbà pé omi Valencia, òǹkà, sílíìkì àti gbẹ́rẹ́ kì bá tí dé láìsí àwọn tó gbé e wá. Ṣùgbọ́n bébà ti wà ní Baghdad láti ọ̀rúndún kẹjọ. Gutenberg ló so ó pọ̀ mọ́ lẹ́tà òjé àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Mainz ní nǹkan bí 1450. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí a fi sílẹ̀ fún onílé.

Ọmọ Alákọ̀wé

Ẹnikẹ́ni kò ní gbà á lọ́wọ́ Mainz, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kàn tún wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀. Ní 1473, ìwé ìṣègùn Ibn Sina ti jáde láti ẹnu ẹ̀rọ ní Látìnì, ìtumọ̀ tí Gerard ṣe ní Toledo ni wọ́n sì lò. Àwọn yunifásítì kan kò yé fi í kọ́ àwọn dókítà títí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún fi wọlé. Ní 1593, ilé ìtẹ̀wé ìdílé Medici ní Róòmù tẹ̀ ẹ́ ní èdè Lárúbáwá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tí àwọn ará Yúróòpù gbẹ́, wọ́n sì ń wá bí wọn yóò ṣe tà á fún àwọn tó ń ka èdè náà ní ìlà-oòrùn.